“Ìtàn tòótọ́ nìyí”: èwo gan-an ló ṣẹlẹ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n nípa ẹni tí wọ́n ń dọdẹ?

Gbólóhùn kúkúrú kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, Netflix gbé eré Baby Reindeer jáde, apá méje lápapọ̀. Bí apá kìíní ṣe bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi ẹjọ́ obìnrin kan sùn, ó ní obìnrin náà ń dọdẹ òun, ìyẹn ni pé ó ń tọpa òun kiri, ó sì ń yọ òun lẹ́nu láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n: ìtàn tòótọ́ nìyí. Wọn ò kọ ọ́ pé àwọn gbé e ka ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn ò sì kọ ọ́ pé ó fara jọ òótọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn òǹwòran ti ń tú íntánẹ́ẹ̀tì kiri láti mọ ẹni tí obìnrin inú eré náà jẹ́ lójú ayé, wọ́n sì dárúkọ ẹnì kan. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ẹni náà ti pe Netflix lẹ́jọ́ ní Kalifọ́níà pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́. Owó gbà-máà-bínú tó ń béèrè kò dín ní 170 mílíọ̀nù dọ́là.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn láti ìgbà náà ni pé, nínú ohun tí a wò yẹn, èwo ló ṣẹlẹ̀, èwo ni wọ́n fi iyọ̀ sí? Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ wa ló gbé ìdáhùn rẹ̀ sódì. Níbi tí ọkùnrin inú eré náà, Donny, ti mọ̀ pé obìnrin yìí ò fi òun lọ́rùn sílẹ̀, síbẹ̀ tó tún ń bá a ṣàwàdà, ibẹ̀ la ti ń pariwo pé “irọ́ rèé o, ta ló máa ń ṣe báyẹn?” Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìparí, tí obìnrin náà, Martha, wà níwájú adájọ́, tó ní òun jẹ̀bi, tí wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án, a mí kanlẹ̀, a gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó rú wa lójú yẹn ni àwọn tó ń ran irú Donny lọ́wọ́ ń rí lójoojúmọ́. Ìparí tó lọ geere yẹn gan-an ló di ẹjọ́.

Ẹni tó kọ eré náà, tó sì tún ṣe Donny fúnra rẹ̀, ni Richard Gadd, aláwàdà ọmọ Scotland. Kì í ṣe orí Netflix ló ti kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí. Ní 2016, ó ṣe eré kan lórí ìtàgé ní Edinburgh nípa bí wọ́n ṣe fipá bá òun lò pọ̀, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn aláwàdà níbẹ̀. Ní 2019, ó gbé Baby Reindeer wá sí Edinburgh kan náà, òun nìkan lórí ìtàgé. Ẹ̀yìn èyí ni tẹlifíṣọ̀n dé, tí àwọn òṣèré mìíràn wọlé, tí Jessica Gunning di Martha, tí eré náà sì gba ẹ̀bùn Emmy mẹ́fà ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gadd ti kọjá lábẹ́ sísọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Aṣọ tí wọ́n ti tú, tí wọ́n sì tún rán lẹ́ẹ̀mejì kì í bá ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ mu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwú kan náà ni.

Gadd ò fi èyí pa mọ́. Ohun tó sọ fún àwọn oníròyìn ni pé wọ́n dọdẹ òun gan-an, wọ́n sì fìyà jẹ òun gan-an, ṣùgbọ́n òun yí àwọn nǹkan padà kí ó lè di iṣẹ́ ọnà, kí òun sì lè dáàbò bo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Nínú ìwé tó fi síwájú ilé-ẹjọ́, ó ní eré náà kì í ṣe ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Iye tó ní òun gbà láàárín ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ímeèlì 41,071, túwíìtì 744, lẹ́tà ojú ìwé 106, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ tó gba wákàtí 350 láti gbọ́. Ẹ pín ímeèlì yẹn sí ọjọ́: ó tó 25 lójúmọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú. Obìnrin tó pe ẹjọ́ ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀.

Àwọn gbólóhùn tí wọ́n máa ń kọ síwájú eré jọra létí, wọn ò jọra ní ìwọ̀n. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn gbé eré ka ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ara wọn: wọ́n lè pa èèyàn mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n lè fún ọdún mẹ́ta pọ̀ di oṣù mẹ́ta, wọ́n lè fi ìjà síbi tí ìjà ò ti wáyé. Bí wọ́n bá ní ìtàn kan ló mú àwọn ronú kan eré náà, ó lè jẹ́ orúkọ ìlú nìkan ló kù nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ìtàn tòótọ́ nìyí” ò fi àyè kankan sílẹ̀. Ẹni tó ni eré ló sì ń yan èyí tó bá fẹ́, ó mọ èyí tó ń pe èrò. Nínú Baby Reindeer, ìparí, láàárín orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré kọjá, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé àwọn ti fi àtinúdá yí àwọn ẹ̀dá ìtàn, orúkọ, ìṣẹ̀lẹ̀, ibi àti ọ̀rọ̀ ẹnu kan padà. Ẹ̀yin tó ń lo Netflix mọ bó ṣe máa ń rí: kí èèyàn tó rí orúkọ bíi mẹ́rin kà, apá tó kàn ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Adájọ́ Gary Klausner ti ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Kalifọ́níà dúró lé lórí ní oṣù kẹsàn-án 2024. Netflix ní kó da ẹjọ́ náà nù. Ó da apá kan nù, ó ní kí ti ìbanilórúkọjẹ́ máa lọ. Ó ní ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí èèyàn dọdẹ ẹlòmíràn àti kí ilé-ẹjọ́ ti dá èèyàn lẹ́bi pé ó ṣe bẹ́ẹ̀; ìyàtọ̀ wà láàárín kí wọ́n taari èèyàn àti kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú. Ọ̀pọ̀ ló kà á pé obìnrin náà ti jàre. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ò sọ pé ó dọdẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sọ pé kò ṣe é. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀sùn náà tó gbọ́: ohun tí eré sọ nípa ẹ̀dá yẹn lè burú ju ohun tí ẹni gidi ṣe lọ, wọ́n sì ti sọ fún òǹwòran pé òótọ́ ni.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó nǹkan mẹ́ta pọ̀ mọ́ra wọn. Ní England, ọlọ́pàá lè kìlọ̀ fún ẹni tó ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ìkìlọ̀ ni, adájọ́ ò sí nínú rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ náà lè pàṣẹ pé kí lágbájá má ṣe sún mọ́ tàmẹ̀dù, kó má sì kọ̀wé sí i. Láti oṣù kìíní 2020, ọlọ́pàá lè lọ gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tó ń dọdẹ èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n ti dá a lẹ́bi rí, ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún márùn-ún sì lè wà fún ẹni tó bá rú u. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n ro ẹjọ́, kí wọ́n sì dá èèyàn lẹ́bi. Gadd ní ìwé ìkìlọ̀ ni ọlọ́pàá fún ẹni tó dọdẹ òun. Ní oṣù karùn-ún 2024, ọ̀gá kan ní Netflix sọ níwájú ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin Britain pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ni; iléeṣẹ́ náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́yìn náà nínú lẹ́tà, wọ́n ní àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni, kì í ṣe ìdálẹ́bi. Bí iléeṣẹ́ tó kún fún agbẹjọ́rò bá lè kó o pọ̀ báyìí, kí la fẹ́ retí lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ lẹ́yìn tó ti ibi iṣẹ́ dé?

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tẹ́tí sí Donny díẹ̀, ó bi í pé kí ló dé tó fi di oṣù mẹ́fà kó tó wá. Donny ò rí èsì gidi fọ̀. Gbogbo eré náà ni èsì ìbéèrè yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin kan wọ ilé-ọtí tí Donny ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ fà ro, kò lówó tíì lọ́wọ́, Donny sì fún un ní ife kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó padà wá. Ó yìn ín. Ó fi ímeèlì ránṣẹ́, ó tún fi òmíràn ránṣẹ́, ó sì ń kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé láti orí iPhone òun ni, bẹ́ẹ̀ kò ní iPhone. Èwo nínú wọn ni èèyàn fẹ́ gbé lọ fún ọlọ́pàá? Ẹni tó bá gbé ímeèlì kan ṣoṣo lọ, tó kún fún ìyìn àti àṣìkọ, wọ́n á fi í ṣẹ̀rín.

Àpapọ̀ rẹ̀ ló di ìwà ọ̀daràn. Ní Britain, ohun mẹ́rin ni àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ máa ń wò: bóyá ojú ẹni náà ò kúrò lára ẹnì kan, bóyá ọkàn rẹ̀ ò lè gbé e jù sílẹ̀, bóyá ẹni tó ń ṣe é sí ò fẹ́, àti bóyá ó ń ṣe é léraléra. Òfin ìyọlẹ́nu tí wọ́n ṣe fún England àti Wales ní 1997 ò béèrè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó di ìwà tó ń tẹ̀ léra. Síbẹ̀, títí di oṣù kọkànlá 2012, òfin náà ò dárúkọ ìdọdẹni gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀. Scotland ti ṣe tirẹ̀ ní 2010. Kalifọ́níà ti ṣíwájú gbogbo wọn ní 1990, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan tó ń dọdẹ òṣèré kan, Rebecca Schaeffer, yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní 1989. Lónìí, ní England, ẹni tí ìdọdẹ rẹ̀ bá kó ìpayà ńlá bá ẹlòmíràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá jura.

Ohun tó tún burú lójú wa ni pé Donny wá Martha lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé ó ti dọdẹ ẹlòmíràn rí, ó sì tún gbà á lọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook. Ìdí rẹ̀ wà ní apá kẹrin, èyí tó ṣòro wò jù nínú eré náà. Ọkùnrin kan tó ti lórúkọ nídìí tẹlifíṣọ̀n, Darrien, ṣèlérí fún Donny pé òun á gbé iṣẹ́ rẹ̀ ga. Ó ń fún un ní oògùn olóró, ó sì ń bá a ṣe ohun tí kò fọwọ́ sí nígbà tí kò mọ ibi tó wà. Donny ń padà lọ. Àwọn tó wò ó máa ń bínú sí i níbẹ̀, èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fìyà jẹni báyìí sábà máa ń ní ohun tí ẹni náà ń wá lọ́wọ́, ì báà jẹ́ iṣẹ́, ilé, owó tàbí òkìkí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á, ẹ̀bùn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyà náà bá dé, ara ẹlòmíràn á kú tipiri. Kò ní lè jà, kò sì ní lè sá. Lẹ́yìn èyí, ìtìjú á sọ fún un pé òun ló fà á. Ẹni tó bá padà lọ, ó lè jẹ́ pé ó ń wá bí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn yóò ṣe ní ìtumọ̀ mìíràn. Èyí ló jẹ́ kí Martha dà bí ìtura fún Donny: ó wò ó bí èèyàn pàtàkì.

Ó tún wá burú sí i nítorí pé ọkùnrin ni. Ọkùnrin tó bá sọ pé wọ́n fipá bá òun lò pọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ni pé kí ló dé tí kò jà. Ní Manchester, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ We Are Survivors, irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Gadd di aṣojú wọn, wọ́n sì sọ pé lẹ́yìn eré náà, àwọn tó ń pè wọ́n pọ̀ sí i gidigidi. Ìròyìn yìí ló jẹ́ kí n gbà pé eré náà ṣe ohun tí ìwé pélébé ilé ìwòsàn ò lè ṣe, láìka ti gbólóhùn iwájú rẹ̀ sí.

Àmọ́ ẹ má fi Martha ṣe àwòrán gbogbo ẹni tó ń dọdẹ èèyàn. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Paul Mullen, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà pín wọn sí oríṣi márùn-ún ní ìparí àwọn ọdún 1990. Martha sún mọ́ ẹni tó ń wá ìfẹ́ lọ́wọ́ àjèjì tàbí ojúlùmọ̀ lásán. Àwọn kan wà tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọnu sí èèyàn, àwọn kan ń gbẹ̀san, àwọn kan sì ń ṣọ́ èèyàn kí wọ́n lè ṣe é léṣe. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ò pani lẹ́rìn-ín rárá: ọkọ àná, àfẹ́sọ́nà àná, ẹni tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ tó mọ ilé yín, tó mọ ilé ìyá yín, tó mọ ìgbà tí ẹ ń jáde níbi iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún ìjọba ní England àti Wales rí i pé bí obìnrin kan nínú márùn-ún ni wọ́n ti dọdẹ rí láti ìgbà tó ti pé ọdún 16. Ti ọkùnrin jẹ́ bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá.

Mo máa ń ro fíìmù tiwa tí mo bá dé ibí yìí. Ọkùnrin á kọnu sí ọmọge, ọmọge á ní òun ò fẹ́. Ọkùnrin á máa dúró dè é lójú ọ̀nà, á lọ bá a níbi iṣẹ́, á fi òjò pa ara rẹ̀ lẹ́nu géètì wọn. Ìyàwó ni wọ́n á gbé kẹ́yìn, olórin á sì kọrin sí i. Àwọn kan á ní àṣà wa ni. Ṣé òun náà ni? Níbi tí wọ́n ti ṣe é bó ṣe yẹ, alárinà ló ń lọ, ó ń bọ̀. Owó ìjọ́hẹn ò sì wáyé àfi tí ọmọbìnrin bá ti jẹ́ hẹn. Mi ò ní purọ́ pé gbogbo ilé ló gbọ́ ti ọmọbìnrin láyé àtijọ́, a mọ àwọn tí wọ́n fà fún ọkọ tipátipá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àṣà gbèjà òjò ẹnu géètì, kó sọ ibi tí ìjọ́hẹn wà.

Nípa àwọn òǹwòran tó sọ ara wọn di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ Darrien, wọ́n na ìka sí olùdarí eré ìtàgé kan tó ti bá Gadd ṣiṣẹ́ rí. Kì í ṣe òun. Wọ́n dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ọn débi pé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, Gadd fúnra rẹ̀ sì ní láti kọ ọ́ sórí Instagram pé kí wọ́n yéé méfò. Obìnrin tí wọ́n ní òun ni Martha náà sọ pé wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ òun. Ìránṣẹ́ léraléra, látọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì fẹ́: ẹ ka nǹkan mẹ́rin òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, kò sí òfin tó ní ẹ gbọ́dọ̀ wò ó parí. Ẹ lè ní kí ẹni tó ti wò ó sọ ibi tó burú fún yín, kí ẹ fo apá kẹrin, kí ẹ wò ó lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹni tí ọkàn yín balẹ̀ sí. Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ pa á.

Bó bá jẹ́ pé ìsinsìnyí ló ń ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má pa àwọn ìránṣẹ́ náà rẹ́ nítorí ìríra. Ẹ ya àwòrán wọn, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹ ò fẹ́, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ẹni tó pe ìgbà 50 tí ẹ wá gbé e ní ìkọkànléláàádọ́ta ti kọ́ pé 51 ni iye tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má lọ fún “ká kàn jọ sọ̀rọ̀ ìkẹyìn”. Ẹ sọ fún aládùúgbò, ẹ sọ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ní Britain, 0808 802 0300 ni nọ́ńbà National Stalking Helpline, ẹgbẹ́ Suzy Lamplugh Trust ló ń bójú tó o; wọ́n fi sọrí ọ̀dọ́bìnrin tó lọ pàdé oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1986 tí wọn ò sì rí i mọ́. Bí ewu bá wà nítòsí, 999 ni.

Ní Nàìjíríà, òfin VAPP ti 2015, èyí tó ka híhu ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, ka ìdọdẹni sí ẹ̀ṣẹ̀. Àbújá ni òfin náà mú tààrà, tí àwọn ìpínlẹ̀ sì ń ṣe tiwọn tẹ̀ lé e. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 lórí ìwà ipá abẹ́lé mẹ́nu bà á pẹ̀lú, iléeṣẹ́ DSVA tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀ sì ń gba ìpè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 08000 333 333. Èyí tí wọ́n ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015, òfin kan náà tí àwọn alágbára ti fi mú àwọn akọ̀ròyìn tó kọ ohun tí wọn ò fẹ́, tí wọ́n sì ní láti tún un ṣe ní 2024. Nítorí náà, tí ẹ bá dé àgọ́ tí ẹ sọ pé ẹnì kan ń yọ yín lẹ́nu lórí fóònù, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ọlọ́pàá bá kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí yẹn síwájú rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.